Ẹ bá wa dá a: ṣé mọ́tò tí Bàámi fi sílẹ̀ náà ṣì ni mò ń wà yìí?

Ọmọ Onídánfó (Ṣómólú)
Ọjọ́ Àìkú, 9:40 alẹ́

Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá sí ọ̀rọ̀ kan fún mi, ó ti fẹ́ẹ́ dìjà láàrin èmi àti àbúrò mi ọkùnrin.

Ọdún 2009 ni Bàámi papò dà. Dánfó kan ṣoṣo ni wọ́n fi sílẹ̀, èmi ni wọ́n sì ní kó máa wà á. Láti ìgbà náà ni mo ti ń ná Yábàá sí Ọbáléndé. Ṣùgbọ́n ẹ mọ bí mọ́tò Èkó ṣe ń gbó. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, ẹ́ńjìnnì kú, mo lọ ra tòkunbọ̀ ní Ládípọ̀. Gíá tẹ̀ lé e. Bọ́dì dípẹtà, panẹbítà ń gé e díẹ̀díẹ̀, ó ń fi páànù tuntun dí i, títí ti àtijọ́ fi tán. Àga, wáyà, gíláàsì, ìlẹ̀kùn, mo ti pààrọ̀ gbogbo wọn. Lọ́dún tó kọjá, ṣáásíì gan-an lọ. Kò sí nǹkan kan lára rẹ̀ mọ́ tí ọwọ́ Bàámi kàn.

Àbúrò mi kì í jẹ́ kí a ju páátì tí a bá yọ dànù. Ẹ̀yìn ilé ló ń kó wọn jọ sí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó sọ lójú Màámi pé ọ̀dọ̀ òun ni mọ́tò Bàámi wà, pé èyí tí mò ń wà kiri yìí, mọ́tò tí mo fowó ara mi rà ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan ni. Ó ní kí n pa ọ̀rọ̀ tí Bàámi kọ sẹ́yìn rẹ̀ rẹ́: ÌWÀ LẸWÀ. Ọ̀rọ̀ yẹn kò kúrò lẹ́yìn mọ́tò wa rí. Bí wọ́n bá ti kun ún ni mo ń ní kí wọ́n tún un kọ.

Láàárọ̀ àná, mò ń rò ó fún ọ̀rẹ́ mi lórí fóònù nígbà tí mò ń dúró de èrò. Ọmọkùnrin kan tó jókòó níwájú ní, "Bọ̀ọ̀dá, filọ́sọ́fì lẹ̀ ń sọ yẹn o. Àwọn Gíríìkì ti fa ọ̀rọ̀ yìí títí." Ó bọ́ sílẹ̀ ní Adéníjì kí n tó rí i bi dáadáa. Kí ni filọ́sọ́fì? Kí ló kàn án pẹ̀lú mọ́tò mi?

Mẹkáníìkì Ládípọ̀
Ọjọ́ Àìkú, 10:02 alẹ́

Ẹ̀gbọ́n, lọ́dọ̀ tiwa, ibi tí nọ́ńbà ṣáásíì bá wà ni mọ́tò wà. Ẹ́ńjìnnì lè lọ, bọ́dì lè lọ. Bí ẹ bá ti pààrọ̀ ṣáásíì, mọ́tò mìíràn lẹ ní. Bí ìwé ṣe máa kà á nìyẹn.

Ṣùgbọ́n èmi fúnra mi ń wà ọ̀kadà kan tí kò sí páátì kan lára rẹ̀ tí n kò tíì pààrọ̀, bẹ́ẹ̀ n kò tíì sọ lọ́jọ́ kan pé mo ní ọ̀kadà tuntun. Nítorí náà n kò mọ èyí tí mo gbà gbọ́ nínú méjèèjì.

Akẹ́kọ̀ọ́ Akọkà
Ọjọ́ Àìkú, 11:15 alẹ́

Ẹ káalẹ́ o, Bọ̀ọ̀dá. Filọ́sọ́fì ni mò ń kọ́ ní yunifásítì, inú mi sì dùn bí mo ṣe rí ìbéèrè yín, torí òótọ́ ni ọmọ yẹn sọ.

Plutarch, Gíríìkì kan tó kọ̀wé ní nǹkan bí 1,900 ọdún sẹ́yìn, ló sọ ìtàn ọkọ̀ ojú omi kan. Theseus, akọni kan nínú ìtàn ìwáṣẹ̀ wọn, ló fi ọkọ̀ náà kó àwọn ọ̀dọ́ ìlú Átẹ́nì bọ̀ láti erékùsù Kírétè láàyè. Àjẹ̀ 30 ni wọ́n fi ń wà á. Àwọn ará Átẹ́nì tọ́jú ọkọ̀ náà fún ìrántí. Bí pákó kan bá ti rà, wọ́n á yọ ọ́, wọ́n á kan tuntun sí i. Plutarch ní ọkọ̀ yìí di ohun tí àwọn ọlọ́gbọ́n ń fà mọ́ ara wọn lọ́wọ́: àwọn kan ní ọkọ̀ Theseus náà ni, àwọn kan ní kì í ṣe òun mọ́.

Àbúrò yín wá ń kọ́? Òun náà ní ẹnìkejì. Ní 1655, ará England kan tó ń jẹ́ Thomas Hobbes béèrè pé: bí ẹnì kan bá ń ṣa àwọn pákó tí wọ́n yọ jọ, tó sì tò wọ́n bí wọ́n ṣe wà tẹ́lẹ̀, èwo ni ọkọ̀ Theseus nínú méjèèjì? Nígbà tí mo ka ohun tí ẹ kọ pé wọ́n ń kó páátì jọ sẹ́yìn ilé, mo dìde dúró nínú yàrá mi. Ohun tí a kà nínú ìwé ló ṣẹlẹ̀ ní Ṣómólú yìí.

Ohun tí filọ́sọ́fì jẹ́: ọ̀rọ̀ Gíríìkì méjì ni wọ́n so pọ̀, ìfẹ́ àti ọgbọ́n. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo ọ̀rọ̀ ìfẹ́ yẹn dáadáa. Ẹni tó ń fẹ́ ọmọbìnrin kò tíì gbé e wálé. Onífilọ́sọ́fì kì í ṣe ẹni tó gbọ́n tán, ẹni tó ń lọ tó ń bọ̀ lójúde ọgbọ́n ni. Ohun tó ń mú lọ́wọ́ lọ ni ìbéèrè àti àlàyé tí ẹlòmíràn lè yẹ̀ wò kó sì jà níyàn.

Ìyá Ṣadé (Ẹ̀bútè Mẹ́ta)
Ọjọ́ Ajé, 5:50 àárọ̀

Ẹ kú àárọ̀ gbogbo ilé. Ẹ má bínú sí mi. Mo ní ọmọ, ẹ̀rù irú ẹ̀kọ́ yìí sì ń bà mí. Pọ́ọ̀lù kọ̀wé sí àwọn ará Kólósè pé kí wọ́n ṣọ́ra kí ẹnikẹ́ni má fi irú ìmọ̀ báyìí àti ẹ̀tàn asán mú wọn nígbèkùn. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè bóyá mọ́tò ni mọ́tò, kí ló máa dá a dúró kó má béèrè bóyá Ọlọ́run ni Ọlọ́run?

Ìwọ Ọmọ Onídánfó, ọmọ ìyá ẹ nìyẹn. Lọ bá a sọ̀rọ̀.

Tíṣà Ìsàlẹ̀ Èkó
Ọjọ́ Ajé, 7:30 àárọ̀

Ìyá Ṣadé, ẹ ṣeun tí ẹ sọ tinú yín síta. Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti inú Bíbélì kan náà. Ṣé ẹ rántí Mílétù, níbi tí Pọ́ọ̀lù ti ránṣẹ́ pe àwọn alàgbà ìjọ Éfésù? Ìlú yẹn gan-an ni wọ́n máa ń sọ pé filọ́sọ́fì ti bẹ̀rẹ̀. Etíkun ilẹ̀ tí à ń pè ní Tọ́kì lónìí ló wà, àwọn Gíríìkì ló sì ń gbé ibẹ̀. Ìlú èbúté ni, ìlú oníṣòwò, ọkọ̀ ń wọlé, ọkọ̀ ń jáde. Ìsàlẹ̀ Èkó ni wọ́n bí mi sí, mo sì fi ogójì ọdún ó dín díẹ̀ kọ́ni lérékùṣù yìí, n kò lè ka ìtàn Mílétù kí n má rí Ìdúmọ̀tà àti Márínà níbẹ̀. Níbi tí ará Íjíbítì, ará Bábílónì àti onílé bá ti pàdé lọ́jà kan náà, oníkálukú á sọ bí tiwọn ṣe ní ayé ṣe bẹ̀rẹ̀. Ọmọ tó bá ń gbọ́ ìtàn mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ á bi ara rẹ̀ léèrè lọ́jọ́ kan pé kí làwa fi máa mọ èyí tó jẹ́ òótọ́. Èrò tèmi nìyẹn nípa ìdí tó fi jẹ́ ibẹ̀.

Thales ni orúkọ ẹni tí Aristotle, onífilọ́sọ́fì Gíríìkì kan tó wá lẹ́yìn rẹ̀, pè ní àkọ́kọ́ nínú àwọn onífilọ́sọ́fì. Wọ́n ní ó sọ tẹ́lẹ̀ pé oòrùn máa ṣú lọ́sàn-án, èyí tó ṣẹlẹ̀ ní ọdún 585 ṣáájú ìbí Jésù. Ìbéèrè tó béèrè ni pé, kí ni ìpìlẹ̀ gbogbo nǹkan? Ó ní omi ni. Ẹni tí ọ̀sà yí ilé rẹ̀ ká kò ní fi ìdáhùn yẹn ṣe yẹ̀yẹ́. Ohun tó gbé e ga kì í ṣe ìdáhùn náà. Anaximander tó tẹ̀ lé e ní omi kọ́, pé ohun kan tí kò ní ààlà tí kò sì ní orúkọ ni. Anaximenes ní afẹ́fẹ́ ni. Ará Mílétù kan náà ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹni tó tẹ̀ lé ẹnì kan sì lè sọ fún un pé "n kò gbà". Bí ẹ bá fẹ́ ká fi ìka tọ́ ibi tó ti bẹ̀rẹ̀, èmi á fi tọ́ "n kò gbà" yẹn.

Àwọn kan ń fi Thales ṣẹ̀sín pé ọgbọ́n rẹ̀ kò sọ ọ́ di olówó. Aristotle sọ ohun tó ṣe. Thales wo ojú ọ̀run, ó rí i pé èso ólífì máa pọ̀. Nígbà òtútù tí ẹnikẹ́ni kò nílò rẹ̀, ó fi owó kékeré háyà gbogbo ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fún òróró ólífì. Bí ẹni tó háyà gbogbo kánópì Èkó sílẹ̀ lóṣù Ẹrẹ́nà ni, kí oṣù Ọ̀pẹ tó dé. Nígbà tí ìkórè dé, iye tó wù ú ló ń gbà.

Ní Éfésù, tí kò jìnnà sí Mílétù, Heraclitus ní gbogbo nǹkan ń ṣàn lọ. Gbólóhùn tí gbogbo ayé fi mọ̀ ọ́n ni pé ènìyàn kò lè wọ odò kan náà lẹ́ẹ̀mejì, nítorí omi mìíràn ni yóò bá níbẹ̀.

Ọmọ Onídánfó
Ọjọ́ Ajé, 1:20 ọ̀sán

Bàbá Tíṣà, ẹ ṣé gan-an ni. Ìsinmi ọ̀sán ni mo fi kà á, nínú gáréèjì.

Àbí ti àbúrò mi ló tọ̀nà nìyẹn? Bí Heraclitus bá sọ pé odò kì í ṣe odò kan náà, mọ́tò mi náà kì í ṣe mọ́tò kan náà. Èmi fúnra mi pẹ̀lú ń kọ́, tí mo ti sanra tí irun mi sì ti ń funfun láti 2009?

Tíṣà Ìsàlẹ̀ Èkó
Ọjọ́ Ajé, 2:05 ọ̀sán

Ọmọ mi, ìbéèrè tí o fi parí yẹn lágbára ju èyí tí o fi bẹ̀rẹ̀ lọ. Rò ó dáadáa.

Àwa náà ní ohun tí a lè fi dá Heraclitus lóhùn. Àwọn àgbà ní odò tó bá gbàgbé ìsun rẹ̀, gbígbẹ ló ń gbẹ. Odò Ògùn tó ń wọ inú ọ̀sà wa yìí, omi tó wà nínú rẹ̀ láàárọ̀ yìí kì í ṣe ti àná, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń fún un ní orúkọ tuntun láràárọ̀. Kí ló sọ ọ́ di ọ̀kan? Ibi tó ti sun àti ipa tó ń tọ̀. Omi kọ́. Bí ìyẹn bá jẹ́ òótọ́ nípa odò, kí lo rò pé ó lè jẹ́ ìsun mọ́tò rẹ?

Akẹ́kọ̀ọ́ Akọkà
Ọjọ́ Ajé, 8:45 alẹ́

Bàbá, n kò tíì gbọ́ ọ báyìí rí, mo ti kọ ọ́ sínú ìwé mi.

Bọ̀ọ̀dá, Aristotle ni mo rò pé ó máa ràn yín lọ́wọ́ jù. Ìlú Stagira lápá Makedóníà ni wọ́n bí i sí ní 384 ṣáájú ìbí Jésù. Ọmọ ọdún 17 ni nígbà tó wá sí Átẹ́nì, ó sì lo nǹkan bí ogún ọdún ní ilé ẹ̀kọ́ Plato, onífilọ́sọ́fì ará Átẹ́nì. Lẹ́yìn náà ló kọ́ Alexander tó wá jagun gba ayé, kó tó padà wá dá ilé ẹ̀kọ́ tirẹ̀ sílẹ̀.

Ó ní bí a bá fẹ́ mọ ohun tí nǹkan jẹ́, ká má béèrè ohun tí wọ́n fi ṣe é nìkan. Ká béèrè bí wọ́n ṣe tò ó, ẹni tó ṣe é, àti ohun tí ó wà fún. Páànù, irin àti rọ́bà ni wọ́n fi ṣe dánfó. Ṣùgbọ́n kó páànù, irin àti rọ́bà jọ sílẹ̀, ṣé dánfó nìyẹn? Ó di dánfó nígbà tí wọ́n tò ó lọ́nà tí yóò fi lè gbé èrò. Lọ́nà yìí, tiyín kò dáwọ́ jíjẹ́ dánfó dúró lọ́jọ́ kan. Ẹ pààrọ̀ irin, ẹ kò pààrọ̀ ètò, ẹ kò sì pààrọ̀ iṣẹ́. Èyí tó wà lẹ́yìn ilé ní ohun tí wọ́n fi ṣe é nìkan, kò ní ètò, kò sì ní iṣẹ́.

Irú ìbéèrè yìí, nípa ohun tó wà àti bí ó ṣe wà, ni wọ́n ń pè ní metaphysics. Orúkọ náà kò ní awo kankan nínú. Lẹ́yìn ikú Aristotle, àwọn tó to àwọn ìwé rẹ̀ to àwọn kan sẹ́yìn èyí tó kọ nípa ìṣẹ̀dá. Ohun tí orúkọ náà túmọ̀ sí ni "àwọn tó tẹ̀ lé ti ìṣẹ̀dá".

Mẹkáníìkì Ládípọ̀
Ọjọ́ Ajé, 9:10 alẹ́

Ẹ dúró. Bí àbúrò wọn bá pè mí lọ́la, tí mo bá to gbogbo páátì yẹn padà, tó ṣáná, tó dúró, òun náà ti ní ètò àti iṣẹ́ nìyẹn. Èwo ni ti Bàámi?

Akẹ́kọ̀ọ́ Akọkà
Ọjọ́ Ajé, 9:31 alẹ́

Ibẹ̀ ni Hobbes tẹ̀ mọ́lẹ̀ gẹ́lẹ́. Ìdáhùn tó wà lọ́wọ́ mi kò tó, mo sì ti rò ó láti ìgbà tí ẹ ti béèrè. Èmi á sọ pé èyí tí kò dáwọ́ iṣẹ́ dúró ló ni orúkọ náà, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ẹ lè bi mí pé kí ló dé.

Alfa Ìdí-Àràbà
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6:25 àárọ̀

Àsàlámù aléékúmù. Ìyá Ṣadé, ẹ̀rù tó bà yín ti ba àwọn àgbà ẹ̀sìn tiwa náà rí. Ní Bàgídádì, ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún ó lé igba sẹ́yìn, àwọn atúmọ̀ èdè kó ìwé àwọn Gíríìkì sí Lárúbáwá. Falsafa ni wọ́n ń pe ẹ̀kọ́ náà. Wọ́n ka Aristotle sí débi tí wọ́n ń pè é ní Olùkọ́ Kìíní, tí wọ́n sì pe al-Farabi, ọ̀kan nínú àwọn onífalsafa Mùsùlùmí, ní Olùkọ́ Kejì. Imam al-Ghazali dìde tako àwọn onífalsafa lórí ọ̀rọ̀ tó kan ìgbàgbọ́. Síbẹ̀, kò ju ọ̀nà ìronú wọn nù. Ó gba mantiq, ìyẹn logic, pé irinṣẹ́ ni, bí òṣùwọ̀n tí oníṣòwò fi ń wọn ọjà.

Àpẹẹrẹ tí gbogbo ọmọ ilé ẹ̀kọ́ fi ń bẹ̀rẹ̀ nìyí: gbogbo ènìyàn ni yóò kú, ènìyàn ni Socrates, nítorí náà Socrates yóò kú. Bí o bá ti gba méjì àkọ́kọ́, ẹ̀kẹta ti di dandan. Ẹ jẹ́ ká wá fi òṣùwọ̀n yẹn wọn ọ̀rọ̀ àbúrò yín. Ó ní: kò sí páátì Bàámi lára mọ́tò yìí mọ́, nítorí náà kì í ṣe mọ́tò Bàámi. Ó ti fo gbólóhùn kan, òun ló sì ru gbogbo ẹrù náà: pé páátì nìkan ló ń sọ nǹkan di ohun tó jẹ́. Ṣé a gbà bẹ́ẹ̀? Mọ́sálásí gbogbogbò tó wà lérékùṣù Èkó, wọ́n wó ti àtijọ́ kí wọ́n tó kọ́ èyí tó ń dán níbẹ̀ lónìí. Àwọn àgbà wa ṣì ń sọ pé mọ́sálásí tí bàbá wọn ti ń kírun ni. Wọn kò purọ́.

N kò sọ pé àbúrò yín kò tọ̀nà o. Mo ní kó mú gbólóhùn tó fò yẹn jáde, ká gbé e yẹ̀ wò.

Ìyá Ṣadé (Ẹ̀bútè Mẹ́ta)
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 10:12 àárọ̀

Alfa, ẹ kú àlàyé. Ẹ̀rù náà kò tíì tán, ṣùgbọ́n ó ti fúyẹ́. Nígbà tí mo lọ ṣí Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 17, mo rí i pé Pọ́ọ̀lù fúnra rẹ̀ jókòó bá àwọn Epikúréì àti àwọn Stóíkì, ìyẹn ẹgbẹ́ onífilọ́sọ́fì méjì, ní Átẹ́nì, wọ́n jọ sọ̀rọ̀. Kò sá fún wọn.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí ẹ kò tíì béèrè, gbogbo yín. Ẹ ń béèrè ohun tí mọ́tò jẹ́. Kí ni àwọn ọmọ méjì yìí jẹ ara wọn? Kí ló yẹ kí ẹ̀gbọ́n ṣe fún àbúrò?

Tíṣà Ìsàlẹ̀ Èkó
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 12:00 ọ̀sán

Ìyá Ṣadé, ẹ ti ṣe ohun tí Socrates, onífilọ́sọ́fì ará Átẹ́nì, ṣe. Ṣáájú rẹ̀, ojú ọ̀run, omi àti iná ni wọ́n ń wádìí jù. Òun yí ìbéèrè sí ọ̀dọ̀ ènìyàn: báwo ló ṣe yẹ ká gbé ayé? Ọmọ agbẹ́kùúta ni, ìyá rẹ̀ ń gbẹ̀bí. Òun náà máa ń sọ pé ìgbẹ̀bí ni iṣẹ́ tòun, pé èrò inú ẹlòmíràn lòun ń gbà bí. Ọjà Átẹ́nì ni ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀. Ẹ fi ojú inú wo ọkùnrin kan tó ń rìn láàrin Balógun láìwọ bàtà, tó ń bi ọ̀gágun pé kí ni ìgboyà, tó ń bi onídàájọ́ pé kí ni òdodo, tí yóò sì máa bá ọ lọ wọ́ọ́rọ́wọ́ títí wàá fi rí i pé o kò mọ ohun tí o ti ń fi gbogbo ẹnu sọ.

Àwọn kan kò fẹ́ràn rẹ̀. Ní 399 ṣáájú ìbí Jésù, nígbà tó pé nǹkan bí 70 ọdún, wọ́n fẹ̀sùn kàn án pé kò bọ̀wọ̀ fún àwọn òrìṣà ìlú àti pé ó ń ba àwọn ọ̀dọ́ jẹ́. Ìbò ni wọ́n fi dá ẹjọ́ rẹ̀. Bí Plato ṣe sọ ọ́, bí ìbò 30 péré bá yí padà, wọn ì bá dá a sílẹ̀. Ó sọ fún wọn pé ayé tí a kò yẹ̀ wò kò yẹ fún ènìyàn láti gbé. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ fẹ́ gbé e sá, ó kọ̀, ó ní òun kò ní rú òfin ìlú tó tọ́ òun. Ó mu májèlé tí wọ́n ní kó mu, ó sì kú. Gbogbo ìgbà tí mo bá kọ́ àwọn ọmọ ní ibi yìí, kíláàsì máa ń dákẹ́ rọ́rọ́.

Plato, akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, ló kọ ọ̀pọ̀ ohun tí a mọ̀ nípa rẹ̀ sílẹ̀, nítorí Socrates kò kọ ìwé kankan. Ikú yẹn wà nínú ìbéèrè Plato nípa ta ló yẹ kó ṣàkóso ìlú, ó sì yẹ kó wà níbẹ̀.

Ọmọlúàbí Yábàá
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4:40 ìrọ̀lẹ́

Mo ti ń kà á láti àárọ̀. Ohun kan ń dùn mí: kí ló dé tó fi jẹ́ Gíríìsì, Gíríìsì, Gíríìsì? Ọ̀mọ̀wé Sophie Olúwọlé, tó kọ́ni lọ́dún púpọ̀ ní Yunifásítì Èkó, ní Akọkà níbí, obìnrin àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà tó gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú filọ́sọ́fì, fi ọ̀pọ̀ ọdún rẹ̀ gbé Ọ̀rúnmìlà sẹ́gbẹ̀ẹ́ Socrates. Àwọn méjèèjì kò fi ìwé tí wọ́n fọwọ́ ara wọn kọ sílẹ̀. Àwọn ọmọlẹ́yìn ló ń sọ ohun tí wọ́n sọ. Ìyá náà bi wá pé kí ló dé tí a fi ń pe ti ọ̀kan ní filọ́sọ́fì, tí a sì ń pe ti èkejì ní ìbọ̀rìṣà lásán. Ọdún 2018 ni wọ́n fi ayé sílẹ̀.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ ìmọ̀. Plato béèrè ìyàtọ̀ tó wà láàrin mímọ nǹkan àti gbígbà á gbọ́, epistemology ni wọ́n ń pe irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Sodipo àti Barry Hallen, ará Amẹ́ríkà, gbé ìbéèrè yẹn tọ àwọn oníṣègùn Yorùbá lọ, wọ́n sì gbé ohun tí wọ́n rí jáde ní 1986. Àwọn oníṣègùn náà kò fi ọ̀rọ̀ náà ṣeré. Ohun tí o fojú ara rẹ rí tí ọkàn rẹ sì jẹ́rìí sí, ìmọ̀ nìyẹn. Ohun tí wọ́n sọ fún ọ, kódà bó jẹ́ nínú ìwé, ìgbàgbọ́ ni, títí wàá fi yẹ̀ ẹ́ wò. Ọ̀pọ̀ ohun tí ọmọ ilé ìwé ń pè ní ìmọ̀, ìgbàgbọ́ ni wọ́n máa pè é.

Ẹ wá wo ohun tó wà lẹ́yìn mọ́tò yẹn, tí ẹnikẹ́ni kò tíì dá sí. ÌWÀ LẸWÀ. Láti inú "wà" ni ìwà ti wá. Ìwà ni bí ènìyàn ṣe ń hùwà, ìwà náà tún ni wíwà. Àwọn Gíríìkì pín in: ohun tó wà lọ́tọ̀, ohun tó dára láti ṣe lọ́tọ̀, ẹwà lọ́tọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀rọ̀ wọn kan, kalos, ń jẹ́ arẹwà ó sì tún ń jẹ́ ọmọlúàbí. Bàbá onídánfó kan ní Ṣómólú fi ọ̀dà kó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sínú ọ̀rọ̀ méjì.

Akẹ́kọ̀ọ́ Akọkà
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9:20 alẹ́

Ẹ̀gbọ́n Ọmọlúàbí, mo fara mọ́ ohun tí ẹ sọ nípa ìwà, ó wọ̀ mí lára. Níbi kan ni mo ti fẹ́ bá yín jiyàn, kí ẹ má bínú.

Òwe nìkan kò tíì jẹ́ filọ́sọ́fì lójú mi. "Orí ẹni ní í gbe ni." A gbà. Ṣùgbọ́n a tún ń sọ pé iṣẹ́ ni oògùn ìṣẹ́. Bí orí tí mo yàn ní ìkúnlẹ̀ bá ti pinnu gbogbo rẹ̀, kí ni iṣẹ́ mi fẹ́ yí padà? Ìgbà tí ẹnì kan bá gbé òwe méjèèjì kojú ara wọn, tó ní kí wọ́n rojọ́, ìgbà yẹn ló bẹ̀rẹ̀. Bí mo ṣe mọ̀ ọ́n, àwọn babaláwo máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ nínú ẹsẹ Ifá: ẹsẹ̀ ń bá orí jiyàn níbẹ̀. Filọ́sọ́fì nìyẹn. Gíríìsì kọ́ ló ni ín. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ ká fi ìyìn rọ́pò iyàn jíjà.

Lórí ìbéèrè Màmá Ṣadé, ethics ni wọ́n ń pe ìyẹn. Aristotle ní a kì í bí ìwà mọ́ ènìyàn. Bí ẹni tó ń ta háàpù ṣe ń di olùta háàpù nípa títa á, bẹ́ẹ̀ la ṣe ń di olódodo nípa ṣíṣe òdodo. Ó ní ìwà rere máa ń wà láàrin àṣejù àti àìtó. Bọ̀ọ̀dá, ẹ mọ èyí lórí Third Mainland jù mí lọ. Dírẹ́bà tí ẹ̀rù ń bà jù kì í lè wọ ọ̀nà. Èyí tí kò bẹ̀rù rárá ń pa èrò. Ìgboyà wà láàrin wọn, kò sì sí ìwé tó lè wọn ibẹ̀ fún yín.

Ọmọlúàbí Yábàá
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9:58 alẹ́

Mo gbà pẹ̀lú rẹ lórí òwe, àbúrò. Ìyá Olúwọlé náà kò fẹ́ ìyìn lásán, àlàyé ni wọ́n máa ń bèèrè.

Ọmọ Onídánfó
Ọjọ́bọ̀, 10:30 alẹ́

Ẹ̀yin ará, mo dúpẹ́. Mo ti ka gbogbo rẹ̀, mo tún un kà.

Lánàá, mo lọ bá àbúrò mi lẹ́yìn ilé. N kò sọ pé Aristotle ní. Mo kàn bi í léèrè bí Alfa ṣe wí: "Kí lò ń pè ní mọ́tò Bàámi?" Ó kọ́kọ́ ní ẹ́ńjìnnì. Mo ní bí mo bá fún ọ ní ẹ́ńjìnnì mìíràn tó jẹ́ irú rẹ̀ gan-an ń kọ́? Ó dákẹ́. Ó wá lọ fa àga kan jáde lábẹ́ páànù, àga iwájú, èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ dírẹ́bà. Ọmọ ọdún 10 ni nígbà tí Bàámi kú. Ó ní lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, orí àga yẹn ni Bàámi máa ń gbé òun sí láti Yábàá lọ sí Ọbáléndé, pé ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ́ òun ní ìwé kíkà, orí ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ sẹ́yìn àwọn mọ́tò tó wà níwájú wa. Ó ní ọdún tí mo yọ àga náà, n kò tilẹ̀ bi òun.

Òótọ́ ni. N kò bi í. N kò mọ̀ pé àga ni. Ìyá Ṣadé, ìbéèrè yín ni mo rò nígbà tó ń sọ̀rọ̀.

Mo bẹ̀ ẹ́. Mo ní bó bá fẹ́, mo máa ní kí wẹ́dà bá wa de àga náà padà síwájú. Ó ní òun á rò ó. Lórí ÌWÀ LẸWÀ, kò tún sọ pé kí n pa á rẹ́, kò sì sọ pé kí n má pa á rẹ́. Kò tíì sẹ́ni tó borí nínú wa lórí èwo ni mọ́tò Bàámi. Ní alẹ́ àná, a jókòó lẹ́yìn ilé títí aago mọ́kànlá, à ń jiyàn nípa rẹ̀, inú wa sì dùn. Ó ti pẹ́ tí a ti jókòó bẹ́ẹ̀.

Ó béèrè nǹkan kan tí n kò lè dáhùn: bí a bá de àga yẹn padà, ṣé apá kan mọ́tò Bàámi ló wọ inú mọ́tò mi, àbí mọ́tò Bàámi ló gba àga rẹ̀ padà?

Mẹkáníìkì Ládípọ̀
Ọjọ́bọ̀, 10:47 alẹ́

Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbé àga náà wá kí n wo ẹsẹ̀ rẹ̀ kí wẹ́dà tó fọwọ́ kàn án, ihò bóòtù ti àtijọ́ lè má bá ti ṣáásíì tuntun yín mu. Ẹ sì sọ fún wọn kí wọ́n fi tàpólì bo ẹ́ńjìnnì tó wà lẹ́yìn ilé yẹn, kí wọ́n da ọ́ìlì díẹ̀ sí i. Òjò ti ń ṣú.